Fìríìjì Tó Wọ Aṣọ Àrán

Nígbà tí Kúbúrá kọ́kọ́ rí Ṣítù, ńṣe ni ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú fìríìjì bàbá ọmọbìnrin náà. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó na ọwọ́ kan sábẹ́ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú dígí kékeré kan, ó ń wo inú dígí náà láìṣẹ́jú. Òógùn ti mú ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Kúbúrá ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ pẹ̀lú igbá omi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó wò ó títí, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

"Ẹ kú ìkíni o," ló wí. "Ṣé fìríìjì ti dá yín lóhùn?"

Ọkùnrin náà kò dìde. Inú dígí ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí ojú ọmọbìnrin náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó ń rú èéfín.

"Kò tíì dá mi lóhùn," ló dáhùn. "Àmọ́ mo rí i pé ó ní ọmọbìnrin kan nílé tó mọ ọ̀rọ̀ sọ."

"Ta ni ọmọ fìríìjì? Bàbá mi ló bí mi."

"Nígbà náà, bàbá yín ní ohun rere méjì nínú ilé yìí. Ọ̀kan nínú wọn ló ń rú èéfín."

Ó dìde jókòó, ó wá wo ojú Kúbúrá gan-an. Kúbúrá kì í ṣe arẹwà tí wọ́n ń fi ẹnu pọ́n kiri àdúgbò. Ó dúdú, ó ga, ó ní èjí, bó bá sì ti gbé ojú lé ènìyàn, kì í tètè gbé e kúrò. Ojú yẹn ló mú Ṣítù.

Ọdún 1955 ni, nínú oṣù kẹrin, ìgbà tí oòrùn Sókótó kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Iná mànàmáná kò tíì dé àdúgbò wọn ní Gawon Nama. Epo òyìnbó ni fìríìjì náà ń mu. Táǹkì pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń gba gálọ́ọ̀nù méjì, òwú wà lórí táǹkì, iná ń jó lórí òwú, iná yẹn ló sì ń mú òtútù wá sínú àpótí lókè. Bí iná ṣe ń bí òtútù, kò yé ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Àwọn kan ní àlùjànnú ló wà níbẹ̀. Àlájì Jàfárù, bàbá Kúbúrá, kò bìkítà. Aláṣọ ni, ọmọ Ìlọrin tó ti ń tajà ní Sókótó kí wọ́n tó bí Kúbúrá síbẹ̀, kò sì sí ọmọ Yorùbá mìíràn ládùúgbò tó ní fìríìjì. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé e dé Kaura Namoda, ọkọ̀ akẹ́rù gbé e dé ẹnu ọ̀nà, odidi ọjọ́ mẹ́ta làwọn ènìyàn sì fi ń wá kí i kú oríire.

Ìyá Àlàkẹ́, ẹ̀gbọ́n Àlájì, ẹni tó tọ́ Kúbúrá dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ló rán aṣọ fún fìríìjì. Aṣọ àrán aláwọ̀ ewé ni. Ó bò ó láti orí dé ilẹ̀, ó sì là níwájú kí ìlẹ̀kùn lè ráyè ṣí. Wọ́n ti ẹ̀rọ náà mọ́ igun pálọ̀, wọ́n fi àpótí aṣọ há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà mì.

Ṣítù na ọwọ́ sí àrán náà.

"Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká bọ́ aṣọ yìí. Ká sì sún un kúrò lára ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń mí."

"Ká bọ́ ọ?" Ìyá Àlàkẹ́ ti yára wọlé. "Kó wà níhòòhò níwájú àlejò? Ohun tó bá níyì là ń daṣọ bò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣe ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè ọ́."

"Ooru ń mú un, Ìyá."

"Ooru ń mú fìríìjì?" Ìyá Àlàkẹ́ wo Kúbúrá, Kúbúrá wo ilẹ̀ kíákíá.

Ṣítù gé òwú, ó nu èéfín kúrò, ó tan iná padà. Nígbà tó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá Kúbúrá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Iná rẹ̀ ti mọ́ báyìí. Bó bá ti ń pọ́n, ẹ ránṣẹ́ pè mí."

"Bí kò bá pọ́n ńkọ́?"

"Ẹ ránṣẹ́ pè mí náà."

Ní ọjọ́ karùn-ún, Kúbúrá wo iná náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó ti ń pọ́n. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí mọ̀ pé irọ́ ni. Iná náà mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n Àlájì ránṣẹ́, Ṣítù dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó wo inú dígí, ó mi orí bí oníṣègùn. "Ó pọ́n díẹ̀," ló wí.

Bí wọ́n ṣe di ọ̀daràn méjì nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Àlájì ní kí Ṣítù máa wá bá òun rọ epo, kó sì máa gé òwú. Bó ti ń wá ni Kúbúrá ń rí iṣẹ́ ṣe ní pálọ̀. Ó lè gbá ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó gbọ́ ìtàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣítù ti bá òyìnbó kan tí ń wọn ilẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fìríìjì. Nígbà tí òyìnbó náà padà sí ìlú rẹ̀, Ṣítù gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mabera, ó ń tún àtùpà àti sítóòfù ṣe. Kò ní ilé, kò ní kẹ̀kẹ́, kò sì ní ẹbí nítòsí.

"Òyìnbó yẹn máa ń kọ gbogbo epo tó bá lò sínú ìwé," Ṣítù sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Nígbà ọyẹ́, táǹkì kan á jó fún ọjọ́ méjìlá. Nígbà ooru, kì í ju ọjọ́ mẹ́fà lọ. Ẹ̀rọ kan náà, táǹkì kan náà."

"Ta ló ń jí i nígbà ooru?"

"Oòrùn."

Kúbúrá rẹ́rìn-ín. Ṣítù pa òwú tó ń gé tì.

"Kúbúrá, o mọ̀ pé kì í ṣe fìríìjì yìí ni mò ń wá wò mọ́."

"Mo mọ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti parọ́ fún bàbá mi pé iná ń pọ́n ni mo ti mọ̀."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ parọ́."

"Èmi lẹ ní kí n pè yín. Ẹ̀yin lẹ wá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn yín wá kí bàbá mi. Ẹ má pẹ́."

Inú Ṣítù dùn débi pé ó fi àlùmọ́gàjí gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ náà gan-an ló ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí Sókótó, Láwàl sì ń gbé nítòsí.

Láwàl yìí, ọmọ Ìlọrin bíi ti Àlájì, ló ń bá ilé ìtajà òyìnbó kan ta ọjà nínú ìlú. Òun ló ta fìríìjì náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé kò lè jẹ́ irọ́ lójú rẹ̀. Ó wá tọrọ Kúbúrá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, inú Àlájì sì dùn. Bí wọ́n ti ń jẹ obì ni Àlájì fi ẹ̀sùn fìríìjì kàn án.

"Ohun tí o tà fún mi yìí ń mu epo o. Ọjọ́ márùn-ún péré, táǹkì á gbẹ."

Láwàl yọ ìwé pẹlẹbẹ kan lápò. "Kò lè rí bẹ́ẹ̀, Àlájì. Ọjọ́ mẹ́wàá ni. Ẹni tó ṣe é ló kọ ọ́ síbí." Ó ronú díẹ̀. "Bí epo ọjọ́ mẹ́wàá bá ń tán lọ́jọ́ márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ń gba ibòmíràn lọ. Ta ló ń bá yín rọ epo?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àlájì lára. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó ránṣẹ́ pe Ṣítù. Pálọ̀ kún. Mállàm Sàní, ará ilé kejì, àgbà Haúsá tó gbọ́ Yorùbá bí ẹni mumi, jókòó lórí ẹní. Láwàl náà wà níbẹ̀. Ìyá Àlàkẹ́ gbé Àlùkùráánì wá nínú aṣọ funfun.

"Gbé ọwọ́ lé e," ni Àlájì wí. "Búra pé o kò mú nínú epo mi."

Ṣítù wo ìwé mímọ́ náà, kò gbé ọwọ́ kankan.

"Mi ò mú epo yín, Bàbá. Mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní í búra."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá búra lónìí nítorí epo, lọ́la ẹ ó ní kí n búra nítorí ìṣáná. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ju ìyẹn lọ. Ohun tó ṣeé wọ̀n, a kì í búra lé e lórí. Ẹ wọ̀n ọ́n."

Pálọ̀ dàrú. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kì í sá fún ìbúra. Àlájì dìde dúró, ó na ìka sí Ṣítù.

"Olè ni ọ́! Má ṣe tẹ ilé mi mọ́. Gbogbo ẹ̀yin tó wà níbí, ẹ jẹ́rìí: Láwàl ni mo fún ní Kúbúrá."

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilé mùsùlùmí àtijọ́ mọ̀ pé ọmọbìnrin kì í já wọ àárín ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Kúbúrá ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, ó sì jáde.

"Haba, Kúbúrá!" ni Mállàm Sàní ké.

Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò tẹ̀.

"Bàbá, Ṣítù kì í ṣe olè. Ẹ rọ epo kún táǹkì lónìí fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ fi irin dè é, kí ẹ ti àgádágodo mọ́ ọn, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn yín. Bí iná bá jó dé ọjọ́ mẹ́wàá bí ìwé ṣe wí, màá fẹ́ Bùrọ̀dá Láwàl, mi ò sì ní í jiyàn. Bí iná bá kú kó tó dìgbà náà, ẹ ó lọ bá Ṣítù ní Mabera, ẹ ó sọ lójú gbogbo ayé pé kì í ṣe olè, ẹ ó sì gba àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n bá wá tọrọ mi."

"Ìwọ lò ń dá ọjọ́ fún mi nínú ilé mi?"

Mállàm Sàní ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Wallahi, ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Àlájì, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

Ohun kan tí Àlájì Jàfárù kò lè fara dà láyé ni kí wọ́n ní ẹ̀rù ń bà á.

"Èmi? Ẹ lọ pe alágbẹ̀dẹ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Kúbúrá ń lọ lọ ọkà, ó gba Mabera kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibi ìlọkà kò gba ibẹ̀. Ṣítù wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń di àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Kò gbé ojú sókè.

"Ta ló ní kí o fi ara rẹ ta tẹ́tẹ́ lórí òwú àtùpà?"

"Ẹ̀yin kọ̀, ẹ ò búra. Èmi náà kọ̀, mi ò dákẹ́. Èwo ló burú jù?"

"Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Tí ilẹ̀ bá tutù, iná á relẹ̀, epo á pẹ́. Kúbúrá, epo kò mọ̀ pé o fẹ́ràn mi."

"Epo kò mọ̀. Èmi mọ̀." Omi lé ròrò sí i lójú, ó sì bínú sí omi náà. "Kí lẹ wá ń di ẹrù sí?"

"Kano ni mo ń lọ. Ẹni tí wọ́n bá ti pè lólè, kí ló tún kù fún un láti tún ṣe fún wọn nílùú?"

"Bí ẹ bá lọ kí iná yẹn tó kú, wọ́n á ní olè sá lọ ni, èmi ni màá sì máa gbọ́ ọ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Ẹ tú ẹrù yín."

"O máa ń pàṣẹ."

"Ẹ̀yin náà máa ń gbọ́."

Ṣítù kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín já a gbà. Ó da irinṣẹ́ rẹ̀ padà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Màá dúró," ló wí. "Bí iná bá dé ọjọ́ kẹwàá, èmi gan-an ni màá gbé ẹrù rẹ dé ilé ọkọ rẹ, kí gbogbo ayé lè rí i pé mi ò sá fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," ni Kúbúrá wí, ó sì yára lọ kó má baà sunkún lójú pópó.

Iná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn Àlájì, kì í bọ́ ọ bó bá ń ṣe àlùwàlá pàápàá. Kúbúrá ní òun kò ní í fọwọ́ kan fìríìjì náà rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ló fi àrékérekè mú epo tán. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, ó ń mu omi àmù. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ìlẹ̀kùn fìríìjì bá ṣí, ó ń fi èédú fa ìlà kan sára ògiri ilé ìdáná.

Ìròyìn àdéhùn náà sì ti tàn dé ọjà. Àwọn tí kò wá kí Àlájì kú oríire nígbà tó ra fìríìjì wá báyìí. Àlájì á ká aṣọ àrán sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ṣí ìlẹ̀kùn gbayawu, á dì í mú bẹ́ẹ̀. "Ẹ na ọwọ́ wọlé. Ẹ gbọ́ òtútù." Wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á ké "Kai!", wọ́n á tún pe ẹni tó wà níta. Bí àlejò bá lọ tán, tí Àlájì rí i pé inú rẹ̀ ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, á yí òwú sókè kí iná lè lágbára. Lábẹ́ àrán, láàárín ògiri àti àpótí, ẹ̀rọ náà ń gbóná bí ààrò.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ni, ó sì tètè dé lọ́dún yẹn. Gbogbo Gawon Nama tú síta, àgbàlagbà ń gbé ojú sókè kí òjò lè pa wọ́n lójú. Láwàl sáré wọlé, ó tutù jìnnìjìnnì, ó ní, "Àlájì, ilẹ̀ ti tutù, ẹ lè rẹ òwú sílẹ̀." Àlájì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo ìlú Sókótó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lérò pé Kúbúrá nìkan ló sunkún nítorí òjò.

Ọjọ́ kẹrin tutù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, iná ṣì ń jó, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí ooru ti dé. Láwàl gbé aṣọ méjì àti obì wá. Ìyá Àlàkẹ́ ń gún làálì ìyàwó sílẹ̀. Ó wo ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, tó jókòó ti àmù, tí kò sì tíì jẹun láti àárọ̀.

"Lọ bẹ bàbá rẹ," ló wí. "Ọmọ tó bá bẹ̀bẹ̀ kì í tẹ́."

"Mi ò ní í bẹ̀, Ìyá."

"Bí iná yìí bá wá dé ọjọ́ kẹwàá ńkọ́?"

"Màá fẹ́ Bùrọ̀dá Láwàl bí mo ṣe ṣèlérí. Màá se oúnjẹ fún wọn, màá bọ̀wọ̀ fún wọn. Ní ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run bá dá, màá sì máa sọ fún wọn pé Ṣítù kò jalè."

Ìyá Àlàkẹ́ dá ọwọ́ dúró lórí odó. Kò tún gún làálì mọ́ lọ́jọ́ náà.

Oòrùn padà ní ọjọ́ kẹfà pẹ̀lú ìbínú. Láti àárọ̀ ni omi tí òjò fi sílẹ̀ ti ń sọ ooru padà sójú ènìyàn. Àlájì yí òwú sókè, ó tún yí i sókè. Lẹ́yìn ìrun alaásárì, Mállàm Sàní àti Láwàl jókòó, àwọn aláṣọ mẹ́ta láti ọjà sì wá wò. Àlájì na ọwọ́ láti bu omi tútù fún wọn, ni òórùn òwú tó ń jó gbẹ bá gba gbogbo pálọ̀.

Àlájì bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta kí àgádágodo tó ṣí. Ó fa táǹkì jáde, ó dojú rẹ̀ dé, ẹ̀kán epo mẹ́ta ló bọ́ sí sìmẹ́ńtì.

Láwàl ti ṣí ìwé rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́wàá ló wí," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Níbo ni wọ́n ti kọ ìwé yẹn?" Mállàm Sàní bi í.

"Lọ́ńdọ̀nù."

"To. Ṣé ooru bíi tiwa wà níbẹ̀?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n ń wọ àrán fún un níbẹ̀?"

Láwàl wo aṣọ àrán náà. Ìyá Àlàkẹ́ ń wo òkè àjà.

"Ẹ wá wo nǹkan kan," ni Kúbúrá wí. Ó kó wọn lọ sí ilé ìdáná. Ìlà èédú kún ògiri láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Mállàm Sàní fi ìka kà á, ó jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

"Iye ìgbà tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí nìyẹn láàárín ọjọ́ mẹ́fà."

"Ta ló ṣí i tó bẹ́ẹ̀?" Àlájì jágbe.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Mállàm Sàní rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Àlájì kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ìjà parí. Ó rọrùn fún àgbà láti mọ̀ pé òun ṣàṣìṣe, ẹnu ló máa ń wúwo. Ní ọjọ́ kejì, Àlájì ká odidi ìdì aṣọ kan tó dára, ó ní kí wọ́n gbé e fún Ṣítù ní Mabera. Kúbúrá gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e padà síwájú bàbá rẹ̀.

"Aṣọ kò lẹ́nu, Bàbá. Ẹnu yín lẹ fi pè é lólè."

"Bàbá rẹ ni mí, Kúbúrá!"

"Nítorí pé bàbá mi ni yín ni mo ṣe bá yín ṣe àdéhùn. Mi ò rò pé ẹ máa yẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ẹ pè kí wọ́n jẹ́rìí ṣì wà láàyè."

Àlájì wò ó lọ títí. Nínú ojú tí kò mọ̀ ọ́n gbé sílẹ̀ yẹn, ó rí ìyá ọmọ náà. Ó gbé ojú tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Àlájì Jàfárù wọ agbádá, ó kó gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ ìbúra lẹ́yìn, wọ́n rìn dé Mabera. Kúbúrá àti Ìyá Àlàkẹ́ tẹ̀ lé wọn. Bí Ṣítù ti rí àgbà náà tó ń bọ̀ nínú oòrùn, ó ju sítóòfù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, kó má baà di pé àgbà ń bẹ ọmọdé.

"Bàbá, ó ti tán. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́."

"Ẹ dìde," ni Kúbúrá wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́."

Ṣítù dìde. Àwọn ará ọjà ti pé lé wọn lórí. Àlájì bọ́ síwájú wọn.

"Ṣítù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo pè ọ́ lólè lójú àwọn wọ̀nyí. O kò jí epo mi. Èmi fúnra mi ni mo fi ń ṣe fáàrí fún àlejò." Ó yíjú sí àwọn Haúsá tó dúró yí wọn ká, ó gbé ohùn sókè, ó tún un sọ ní èdè wọn pé kì í ṣe olè: "Shi ba barawo ba ne!"

"Madalla! O káre!" ni Mállàm Sàní dáhùn.

Ohun tó jáde lẹ́nu Ṣítù ni pé, "Bàbá, ẹ wá gbà mí láyè kí n bọ́ aṣọ fìríìjì yín." Ẹ̀rín sọ. Ìyá Àlàkẹ́ ní kò sí ẹni tó máa bọ́ ọ bí kò ṣe òun tó rán an, ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi bọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó ń kùn lábẹ́nu pé ayé ti bàjẹ́.

Wọ́n sún fìríìjì kúrò lára ògiri. Àlájì fi ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ìlẹ̀kùn. Epo tuntun tí wọ́n rọ kún táǹkì jó fún ọjọ́ mẹ́jọ nínú ooru, kò pé mẹ́wàá síbẹ̀. Láwàl gbọ́, ó wá wò ó fúnra rẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Ó bọ Ṣítù lọ́wọ́ kó tó lọ. Mo ní ẹ má pè é ní ènìyàn burúkú.

Àwọn ènìyàn Ṣítù dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọkà ti ń yọ, bàbá rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀, eruku ọ̀nà ti sọ irùngbọ̀n wọn di pupa. Àlájì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ìdílé méjèèjì dá ọjọ́ yìgì.

Lọ́jọ́ náà, Àfáà jókòó lágbàlá pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, Ṣítù wà láàárín wọn nínú aṣọ funfun. Kúbúrá wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, ìbòjú wà lórí rẹ̀. Àfáà rán ẹlẹ́rìí méjì sí ẹnu ọ̀nà yàrá láti bi í bóyá ó gbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é yé gbogbo ènìyàn: omidan kì í dáhùn. Ojú á máa tì í, á dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà pé ó ti gbà. Ìyá Àlàkẹ́ ti di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin.

"Kúbúrá ọmọ Jàfárù," ni ẹlẹ́rìí wí láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, "ṣé o gbà kí Ṣítù fi ọ́ ṣaya?"

Ilé pa lọ́lọ́. Ẹlẹ́rìí dúró díẹ̀, ó yíjú sí àgbàlá, ó ní, "Àfáà, ó ti dákẹ́. Ó ti gbà."

"Mi ò dákẹ́ o!"

Ohùn náà jáde láti inú yàrá, ó sì dé òpópónà. Àwọn obìnrin ké "A!" Ìyá Àlàkẹ́ fi ọwọ́ kejì bo ojú ara rẹ̀.

"Ẹ má kà mí mọ́ àwọn tó dákẹ́. Èmi Kúbúrá, mo gbà á. Ẹnu ara mi ni mo fi gbà á, kò sí ẹni tó bá mi gbà á."

Lágbàlá, Ṣítù sọ orí kọ́, omi ojú ń kán sórí aṣọ funfun rẹ̀, kò sì nù ún. Àfáà wo Àlájì Jàfárù bóyá yóò bínú. Gbogbo ènìyàn wò ó.

Àlájì tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ẹ ṣe ń wò mí?" ló wí. "Ẹ ò gbọ́ ohun tó wí ni? Ọmọ mi nìyẹn. Ẹ so yìgì."